Irọ́ ogun ọ̀nà jíjìn nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa: kí ló ń mú un wọlé bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀ níbikíbi, kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò á ti kún ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Àbújá níbí. Ẹni tí kò dé Ukréènì tàbí Gásà rí á ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Kí ló fà á? Báwo la sì ṣe lè yẹ fídíò wò, pàápàá tó bá jẹ́ àgbà ló fi í síbẹ̀?

Ará Wuse:
Bí wọ́n bá ní iná jó ọjà Wuse, ẹ ó pe ẹni tó ń tajà níbẹ̀. Ta lẹ fẹ́ pè ní Kharkiv, ìlú kan ní Ukréènì? Nígbà tí kò sí ẹlẹ́rìí, ohun tó ti ń bí wa nínú tẹ́lẹ̀ la fi ń dájọ́: Faransé, ẹ̀sìn, owó oúnjẹ. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ní oṣù keje 2023, àwọn èrò gbé àsíá Rọ́ṣíà síta láti fi bínú sí Faransé. Ní oṣù kẹjọ 2024, nígbà ìwọ́de ebi, àsíá kan náà yọ ní Kánò, Kàdúná àti Kàtsínà. DSS mú àwọn télọ̀ tó ń rán an ní Kánò; ilé iṣẹ́ aṣojú Rọ́ṣíà ní kò kan àwọn. N kò ní sọ pé irọ́ nìkan ló fà á o. Ebi ń pa àwọn ènìyàn lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni irọ́ sì ti ń rí ibi jókòó sí.

Ayẹ̀fídíòwò:
Ọ̀pọ̀ fídíò yìí kì í ṣe ayédèrú, ògbólógbòó ni. Ìbúgbàù Tianjin ní Ṣáínà, ti 12 oṣù kẹjọ 2015, ni wọ́n tún gbé jáde ní 2022 pé Ukréènì ni. Àwọn mìíràn wá láti inú Arma 3, géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ṣe géèmù náà fúnra wọn sọ àmì rẹ̀: òkùnkùn, àwòrán tó ń gbọ̀n tí kò sì mọ́lẹ̀, kò sóhùn, kò sí ènìyàn tó ń rìn.

Ẹ dá fídíò dúró níbi tí ilé tàbí pátákó ti hàn, ẹ ya ojú fóònù ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára kúrò, torí òun ló máa ń ṣi ìwákiri lọ́nà. Ẹ fi àwòrán tí ẹ yà wá a lórí Google Lens, tó ń fi ibi tí àwòrán ti jáde rí hàn, lẹ́yìn náà Yandex, ẹ̀rọ ìwákiri ti Rọ́ṣíà, tó mọ ìhà Ukréènì dáadáa. Lórí TinEye, tó ń wá àwòrán bákan náà, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi èyí tó pẹ́ jù hàn. Bí ẹ bá rí i ní ọjọ́ tó ṣáájú ogun, ó parí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yí àwòrán náà, kí ọ̀tún di òsì, kí ẹ tún wá a. Wọ́n máa ń yí i kí ẹ má baà rí i.

Àmì ọfà méjì lókè fídíò túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ márùn-ún kọjá, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá tọ́jú u sórí fóònù tó tún un fi sí i, àmì náà á pòórá.

Ìyá Àríwá:
Ti ohùn ló le jù. Ẹnì kan á fi Haúsá ka ìròyìn sórí fóònù, kò sí àwòrán tẹ́ ẹ máa wá. Ní 2023, ohùn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe bíi ti Omar al-Bashir, ààrẹ Sùdáánì tẹ́lẹ̀, tàn ká TikTok nígbà ogun Sùdáánì. Bí ohùn kan kò bá dárúkọ ibi, ọjọ́ àti ẹni tó sọ ọ́, ẹ má tari rẹ̀.

Ti àgbà, ẹ má já a nírọ́ láàrin ẹgbẹ́. Ẹ bá a sọ ọ́ níkọ̀kọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí fídíò yìí níbi kan tó ti wà láti 2015, ẹ bá mi wò ó." Ẹ fi ojú ìwé tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má tún fídíò náà tari. Tó bá jẹ́ ohùn Haúsá ló gbé irọ́ wọlé, ohùn Haúsá ni kẹ́ ẹ fi tún un ṣe, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò sẹ́ni tó máa ka ìwé gígùn.

Ẹ má sì yẹ ti ọ̀tá nìkan wò. Awakọ̀ òfurufú Ukréènì tí wọ́n ń pè ní "Ghost of Kyiv", tí wọ́n ní ó já ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú Rọ́ṣíà bọ́, iléeṣẹ́ ológun òfurufú Ukréènì fúnra rẹ̀ ló sọ ní oṣù kẹrin 2022 pé ìtàn àròsọ ni.