Ṣáínà ni kí n fi ṣíwájú ni, àbí Amẹ́ríkà?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àròkọ lórí ìbáṣepọ̀ Ọsirélíà pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè ni mò ń kọ, ó sì ti fẹ́ sú mi. Ṣáínà ni oníbàárà wọn tó tóbi jù, òun ló ń ra òkúta irin wọn. Síbẹ̀, lọ́dún 2021, wọ́n já àdéhùn ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n bá Faransé ṣe sílẹ̀, wọ́n wọ àdéhùn ààbò AUKUS pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti Brítéènì. (Inú bí Faransé débi pé ó pe aṣojú rẹ̀ wálé!)

Ṣé ìbẹ̀rù Ṣáínà ni kí n tẹnu mọ́, àbí kí n tọpa àjọṣe wọn pẹ̀lú Amẹ́ríkà lọ sí ANZUS, àdéhùn ààbò tí Ọsirélíà, New Zealand àti Amẹ́ríkà ṣe ní 1951? Ojú ìwé mẹ́rin péré ni wọ́n fún mi.