Owó ò pọ̀, mo sì fẹ́ kí họ́ọ̀lù rẹwà fún màmá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Màmá mi máa pé ẹni 70 ọdún, mo sì fẹ́ ṣe ayẹyẹ fún wọn. Nǹkan bí 60 èèyàn ni mo pè. Mo ti sanwó họ́ọ̀lù, ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò lè gba àwọn tó ń ṣe dẹ́kọ́réṣọ̀n. Ògiri họ́ọ̀lù náà ti gbó, iná òkè rẹ̀ sì funfun báláú bíi ti ọsibítù. Mi ò fẹ́ kí màmá mi wọlé kí ojú wọn fà ro. Kí ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe?

Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe dẹ́kọ́réṣọ̀n:
Àbúrò mi, o kú ìmúra o. Màmá á pẹ́ fún wa.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ká máa fi nǹkan díẹ̀ díẹ̀ sí gbogbo kọ̀rọ̀. Ojú àlejò kì í dúró sí kọ̀rọ̀. Ibi mẹ́ta ló máa ń dúró sí: ẹnu ọ̀nà, ibi tí màmá á jókòó sí, àti tábìlì tó wà níwájú kálukú. Kó owó rẹ sí ibi mẹ́ta yẹn, kí o fi ìyókù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó o tó ra ohunkóhun, mójútó iná. Bi àwọn tó ni họ́ọ̀lù bóyá wọ́n lè pa iná òkè tàbí kí wọ́n dín in kù. Bí wọ́n bá gbà, iṣẹ́ ti dé ìdajì, torí ògiri tó gbó kì í hàn nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ jù. Wá iná LED kéékèèké mẹ́rin sí mẹ́fà, gbé wọn sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri kí wọ́n máa tàn sókè. Bó o bá ń ra gílóòbù, wo nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀: 2700K máa ń pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà, ó sì ń mú kí awọ ara wa dán nínú fọ́tò, 5000K sókè ló ń funfun bíi ti ọsibítù yẹn. Má ki extension kan bọnú òmíràn o, ó lè gbóná títí tó fi máa gbiná.

Aṣọ tábìlì ló kàn. Tábìlì họ́ọ̀lù sábà máa ń ní àpá, aṣọ tó balẹ̀ ló sì ń bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra aṣọ tó kúrú, ẹsẹ̀ tábìlì á wá yọ síta. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé: wọn fífẹ̀ tábìlì, kí o fi gíga rẹ̀ kún un lẹ́ẹ̀mejì. Tábìlì róbótó tó fẹ̀ ní 60 ìǹṣì, tó sì ga ní 30 ìǹṣì, aṣọ 120 ìǹṣì ló máa balẹ̀ lórí rẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ ń jókòó síbẹ̀ láìfún ara wọn, torí náà mẹ́jọ irú rẹ̀ tó fún 60 èèyàn rẹ. Má ra aṣọ náà rárá. Yá a lọ́wọ́ àwa tá a wà níbí. Èmi ní márùn-ún tó ti lọ sí ìnáwó tí mi ò lè kà mọ́. Fọ̀ ọ́, lọ̀ ọ́, dá a padà, ó parí. Lílọ̀ yẹn ṣe pàtàkì: aṣọ olówó pọ́ọ́kú tó jọ̀lọ̀ dáa ju olówó gọbọi tó rún wómúwómú lọ.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Bàlúùnù ńkọ́? Àwọn ọmọ mi fẹ́ kó kún òkè àjà. Òdòdó sì wọ́n.

Ẹlòmíràn:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti bàlúùnù. Nígbà tí ọmọ mi ń ṣe ọjọ́ ìbí, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la ti rọ helium, gáàsì tó ń mú bàlúùnù fò sókè, sí gbogbo bàlúùnù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti wà nílẹ̀, ọmọ mi sì sunkún. Helium kì í pẹ́ nínú bàlúùnù rọ́bà, wákàtí 12 sí 24 ló sábà máa ń lò. Tó o bá fi pọ́ńpù ọwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán sí i, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́, o ò sì ní náwó gáàsì.

Ra oríṣi mẹ́ta: 5, 11 àti 18 ìǹṣì, àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré. So méjì méjì pọ̀, lọ́ méjì mọ́ méjì kó di mẹ́rin, kí o wá we wọ́n mọ́ okùn ìpẹja. Fi àwọn kékeré dí àlàfo. Má fẹ́ ẹ débi tí ọrùn rẹ̀ á fi yọ gbọọrọ, má sì fi sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ó máa bẹ́. Ṣa gbogbo èyí tó bá bẹ́ kúrò nílẹ̀ kíá, ó lè há ọmọ kékeré lọ́fun.

Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe dẹ́kọ́réṣọ̀n:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀yìn àga màmá ni kí o so okùn bàlúùnù náà sí.

Ní ti òdòdó, ra ewé púpọ̀, kí òdòdó jẹ́ díẹ̀. Rà á ní ọjọ́ méjì ṣáájú, gé ìdí rẹ̀ ní dàgẹ̀rẹ̀, já ewé tó máa wọnú omi, kí o máa pààrọ̀ omi náà. Má gbé e sítòsí èso tó ti pọ́n, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èso ló ń mú un rọ. Ìgò tó o ti lò tán nílé ni kí o kó o sí, kó má ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí àwọn àlejò lè rí ojú ara wọn. Àbẹ́là oníbátìrì ni kí o tò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ họ́ọ̀lù kì í gba iná gidi.

Ohun kan wà tí owó ò lè rà: fọ́tò màmá. Tẹ èyí tí wọ́n yà nígbà ọmọge, èyí tí wọ́n gbé ẹ dání, èyí tí wọ́n yà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. Fi pẹ́ẹ̀gì há wọn mọ́ okùn lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rí ìyá tó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń sọ ìtàn fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Kó o tó ṣe èyíkéyìí, bi họ́ọ̀lù ní aago tí ẹ lè wọlé, àti bóyá téèpù lè kan ògiri wọn. Ó lè jẹ́ owó ìdúró tó o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n á fi kun ògiri náà.

Olùbéèrè:
Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní ìdajì iná òkè ṣeé pa, àti pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la lè wọlé. Téèpù ò gbọ́dọ̀ kan ògiri, torí náà màá yá irin ìfàṣọkọ́ tí màá so bàlúùnù mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gba márùn-ún tiyín o. Ó ku aṣọ funfun 120 ìǹṣì mẹ́ta. Ẹni tó bá ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ sí mi, màá wá gbé e fúnra mi.