Èsì: «Afòlókun» kọ́ ni ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo ilé.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà tí Ọ̀mọ̀wé wa ti kọ ìròyìn ìdíje Vendée Globe, níbi tí ẹnìkan ṣoṣo ti ń fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé ká, ránṣẹ́ síbí. Mo panu mọ́ nítorí pé wọ́n jù mí lọ, wọ́n sì ti kọ́ púpọ̀ nínú wa lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ti ń lo ọ̀rọ̀ náà báyìí bí ẹni pé a ti jọ fọwọ́ sí i, ẹnìkan tilẹ̀ ní òun yóò fi í sínú ìwé atúmọ̀ èdè tí òun ń kó jọ. Ibẹ̀ ni mo ti ní n kò gbọdọ̀ dákẹ́ mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ohun pẹlẹbẹ tó tẹ̀, tó ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun ìgbàlódé wọ inú omi, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń pè ní foil, ni Ọ̀mọ̀wé sọ ní «afòlókun». Wọ́n wá kọ ọ́ pé: «Charlie Dalin fi afòlókun fò yí ayé ká ní ọjọ́ 64.»

Ọjọ́ 64 ni lóòótọ́, àti wákàtí 19, ìṣẹ́jú 22 pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 49 lé e. Ọkùnrin náà kúrò ní Les Sables-d'Olonne ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 2024, ó sì padà gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2025, òun nìkan ṣoṣo nínú ọkọ̀, láì dúró ní èbúté kankan, láì gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ du ìdíje yìí ní 1989, ọjọ́ 109 ni Titouan Lamazou fi gbégbá orókè. Ẹ rí i pé iṣẹ́ ńlá ni. Kò sí ẹni tó ń bá Ọ̀mọ̀wé jà lórí iye ọjọ́. Lórí «fò» ni mo ti ní ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Wọ́n ní a-fò-ní-òkun ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ láì fi àmì sí i, kí ni yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára a-fo-Olókun, ẹni tó ń fo Olókun kọjá? Mo mọ èsì Ọ̀mọ̀wé kí wọ́n tó kọ ọ́: wọ́n á ní ohùn ti yà wọ́n, pé «fò» máa ń di «fo» bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé «olè fo odi». Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìyàtọ̀ náà wà lẹ́nu, ó sì wà lórí ìwé tí a bá fi àmì sí i. Ta ló ń fi àmì sí i nínú wa? «Afolokun» ni gbogbo àwọn tó lo ọ̀rọ̀ yìí kọ, Ọ̀mọ̀wé fúnra wọn sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà wọn kejì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí mo bá létí ọ̀sà kì í dárúkọ Olókun lórí omi láìnídìí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ẹnìkan ń fò ó kọjá. Ọ̀rọ̀ tí a dá fún ọkọ̀ kò yẹ kó jẹ́ èyí tí atukọ̀ yóò máa bẹ̀rù láti pè.

Ìyẹn kéré lára rẹ̀. Ẹ̀dùn mi gan-an ni pé ọkọ̀ Dalin kò fò yí ayé ká.

Lorient ni mò ń gbé, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń gúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé kọnkéré ràgàjì tí àwọn ará Jámánì kọ́ fún ọkọ̀ abẹ́ omi wọn nígbà ogun. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ kan wá sórí ilẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá lè wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ti dúró ti foil kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi bébà olómi yún létí. Ó dúdú kirikiri, káàbọ́ọ̀nù lásán ni, ó gùn ju ènìyàn méjì lọ, ó nípọn níbi tó ti wọ ara ọkọ̀, ó sì tín-ín-rín níbi tó parí sí. Ọmọ náà á yún un díẹ̀, á da omi lé e, á dijú, á wá fi ìka kan ṣoṣo tọ́ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí ìka bá ti kọ́, á padà síbẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ni iṣẹ́ ohun tí à ń sọ lórúkọ yìí? Afẹ́fẹ́ fẹ́ lu ìgbòkun, ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Foil méjì ni ọkọ̀ ní, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan; èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ fì sí ló wọnú omi jinlẹ̀. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 800, nítorí náà ohun tí kò fẹ̀ rárá tó láti fi gbé ọkọ̀ tó gùn ní mítà 18 dìde. Bí ikùn ọkọ̀ bá ti kúrò lójú omi, omi kò ní ohun tó pọ̀ láti dì mú mọ́, eré bá dé. Lákòókò kan náà, òjé ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ẹ̀rọ lè tì sí ẹ̀gbẹ́ tó ìwọ̀n 38, ń fa ọkọ̀ padà kó má baà dojú dé. Ohun méjì ni wọ́n jọ ń ṣe fún ọkọ̀ náà: wọ́n ń gbé e, wọ́n sì ń mú un ró.

Ṣé ó wá ń fò? Ó máa ń ta kúrò lójú omi, á tún já bọ́. Òfin àwọn ọkọ̀ IMOCA tí wọ́n fi du ìdíje náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ìyẹ́ sí ìdí ìtọ́kọ̀. Níwájú ni ìgbésókè ti wá, ẹ̀yìn kò ní ohun tó gbé e. Ọkọ̀ á gbórí sókè, á sáré, ìgbì tó wà níwájú á gbà á, á fi imú gún un. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ya ọkọ̀ tuntun lẹ́yìn ìdíje 2020 fi gbé imú ọkọ̀ sókè tí wọ́n sì mú un fẹ̀, kó má baà rì wọnú ìgbì. Ẹni tó ń fò kò nílò irú imú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń de akoto, ó ń di ohun tó bá ṣe é dì mú kó tó dìde lọ sí ìdí ààrò, nítorí kò mọ ìgbà tí yóò já bọ́.

Àwọn tó ń fò wà, n kò sọ pé wọn kò sí. Ọkọ̀ AC75 tí wọ́n fi du America's Cup ní Auckland ní 2021 àti ní Barcelona ní 2024 ní ìyẹ́ nídìí ìtọ́kọ̀. Gbogbo ikùn wọn ń kúrò lójú omi, wọ́n sì lè wà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin rẹ̀. Bí Ọ̀mọ̀wé bá fẹ́ «fò», kí wọ́n mú un lọ síbẹ̀. Eré wákàtí kan kò tó nítòsí èbúté ni ìyẹn, tiwa sì ni agbami, láti Atlantic dé ìsàlẹ̀ ayé. Ọ̀rọ̀ kan kò lè jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

Èyí tó tún dá mi lójú jù lọ nìyí. Ní 2016, ọdún tí foil kọ́kọ́ wọ Vendée Globe, ti ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ Alex Thomson ṣẹ́ ní Atlantic. Ó lọ bẹ́ẹ̀ yí ayé ká, ó sì ṣe ipò kejì. Kò tó ọjọ́ kan tí Armel Le Cléac'h fi ṣáájú rẹ̀. Nínú ìdíje 2024 yìí kan náà, ti ọ̀tún ọkọ̀ Sébastien Simon ṣẹ́, ipò kẹta ló ṣe. Ẹyẹ tí apá rẹ̀ kan ṣẹ́, ilẹ̀ ni yóò máa rìn. Bó bá jẹ́ pé fífò ni, báwo ni àwọn ọkùnrin méjì yìí ṣe fi ẹyọ kan débẹ̀? Ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ọkọ̀ fì sí. Bí afẹ́fẹ́ bá wá láti ẹ̀gbẹ́ tí èyí tó kù lè gbé e, ọkọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá. Bó bá ti yí padà, ìyà dé. Iṣẹ́ ìgbéró nìyẹn, kò bá fífò tan.

Ìyá wa ní Òkìtìpupa ní kí a pè é ní «lẹbẹ». Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yin ìyá. Lẹbẹ ẹja kì í gbé ẹja kúrò nínú omi, ṣùgbọ́n ó ń mú un dúró kó má yí. Ìyẹn bá ohun gígùn tó so òjé mọ́ ikùn ọkọ̀ mu rẹ́gí, mo sì rò pé ká fi lẹbẹ síbẹ̀ láti òní.

Fún foil, «ìgbékọ̀ró» ni mo fi sílẹ̀ níwájú yín.

Àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá, tí Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, mọ ọkọ̀ ìgbòkun lára. Èkó ni wọ́n ti gbé Crowther sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ tó gbé e lọ sí Freetown. Ẹ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27, níbi tí ìjì ti mú Pọ́ọ̀lù: ìgbòkun wà níbẹ̀, ìdákọ̀ró mẹ́rin tí wọ́n jù sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ìtọ́kọ̀ wà nínú ìwé Jákọ́bù. Ẹ wo ẹbí yẹn dáadáa. Ìdákọ̀ró ń dá ọkọ̀ ró síbi kan; ìgbékọ̀ró ń gbé e ró sókè. Ró kan náà ni. Ọ̀mọ̀wé á ní àwọn méjèèjì jọra jù, ènìyàn á máa ṣì wọ́n pè. Yorùbá tó ń bí ìbejì lójoojúmọ́ ni yóò ṣì wọ́n pè?

Ẹnìkan ti ń béèrè lábẹ́lẹ̀ pé ṣé kò yẹ kó jẹ́ «ìgbọ́kọ̀ró», nítorí pé gbé ọmọ ń di gbọ́mọ. Rárá o. Ọkọ̀ kì í ṣe bí ọmọ. Wà ọkọ̀, wakọ̀. Tù ọkọ̀, tukọ̀. Dá ọkọ̀, dákọ̀. Ṣí ọkọ̀, ṣíkọ̀. Níbi gbogbo tí mo ti bá a, fáwẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ ló ń lọ, ti ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dúró. Gbékọ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ẹ tún wò ó: bó bá di gbọ́kọ̀, tí ẹnìkan kò sì fi àmì sí i, ìyàwó kan á rò pé a ń sọ fún òun pé kí òun gbọ́ ti ọkọ òun.

Ní ti a- tí Ọ̀mọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní irinṣẹ́ ń gba a-, wọ́n tọ́ka sí agboòrùn. Mo gbà, asẹ́ náà ń bẹ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọkọ̀, ènìyàn ló ń jẹ́ a-: atukọ̀, awakọ̀. Ohun èlò ń jẹ́ ì-: ìtọ́kọ̀, ìdákọ̀ró. Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ afòlókun, Dalin fúnra rẹ̀ ló máa rò pé à ń pè bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní yunifásítì kò yẹ kó máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ìyá ìyá mi kò wọ kíláàsì rí, ẹja yíyan ni wọ́n ń tà ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí apá kan lára ọkọ̀ tí wọn kò lórúkọ fún, wọn kì í sì í ṣi ohùn pè. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìgbòkun, wọ́n fi ń pe àwọn aṣọ tí àwọn oníyanrìn fi àpò rán pọ̀ tí wọ́n ń ta sórí ọ̀sà. Nítorí náà, àbúrò wa ní Ìkòròdú tó ní «ìgbokùn» ni, pé okùn ló wà nínú rẹ̀ nítorí okùn la fi ń fà á gòkè: mo ti ka àlàyé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, n kò tíì gbà. Òkun ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá ìyá mi. Bí àwọn ará Ìlàjẹ bá ní okùn ni, kí wọ́n wá sọ ọ́ fúnra wọn.

Ìdíje Route du Rhum ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá 2026, láti Saint-Malo lọ sí Guadeloupe. Àwọn kan nínú wa yóò kọ ìròyìn rẹ̀ fún rédíò. Mo bẹ ẹni tó ń kó ìwé atúmọ̀ èdè jọ pé kó yọ «afolokun» kúrò kó tó dìgbà náà. Bí ìgbékọ̀ró kò bá tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, kó mú èyí tó dára jù ú lọ wá, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kí «fò» má sí nínú rẹ̀.