Báwo ni Truman ṣe wọlé ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1948 nígbà tí gbogbo wọn ti ní Dewey ni?

Àlàdé88:
Ẹ ǹ lẹ́ o. Mo tún rí fọ́tò yẹn lánàá, èyí tí Harry Truman gbé ìwé ìròyìn Chicago Daily Tribune sókè tó ń rẹ́rìn-ín, àkọlé gàdàgbà iwájú ìwé náà sì ní Dewey, ẹni tó ń bá a du ipò ààrẹ, ti fẹ̀yìn Truman balẹ̀, bẹ́ẹ̀ Truman ló wọlé! Ààrẹ tó wà lórí àga ni o, kì í ṣe àjèjì. Báwo ni gbogbo àwọn tó ń bi aráàlú léèrè ṣe wá ṣìnà tó báyẹn? Ṣé wọ́n gbowó ni?

Àbẹ̀kẹ́_ń_kàwé:
Rárá o ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò gbowó. Wọ́n tètè káwọ́ ńlẹ̀ ni. Láti oṣù kẹsàn-án ni Roper, ọ̀kan lára àwọn tó ń bi aráàlú léèrè, ti ní ọ̀rọ̀ ti parí, Dewey ló máa wọlé. Gallup tóun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ṣì ń bèèrè ní tiẹ̀, ó fún Dewey ní 49.5 nínú ọgọ́rùn-ún, Truman 44.5, àmọ́ òun náà ti palẹ̀ mọ́ kí oṣù kẹwàá tó parí, November 2 sì ni ìdìbò. Ohun tó tún wá burú ni kọ̀tà. Wọ́n á ní kó o wá ọkùnrin mélòó kan, obìnrin mélòó kan, àgbà mélòó kan, tí iye yẹn bá ṣáà ti pé, ẹni tó wù ẹ́ lo máa bi. Ta lo máa lọ bá? Ẹni tó múra dáadáa, tí ilé ẹ̀ mọ́, tó máa dá ẹ lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Irú wọn ló pọ̀ lẹ́yìn Dewey.

Àjàní_Rélùwéè:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má gbàgbé ọkọ̀ ojú irin tí Truman fi ń kiri polongo. Bàbá yẹn ò jókòó! Á dúró ní ìlú kékeré, á yọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, á sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀, á fi Bess ìyàwó ẹ̀ àti Margaret ọmọ ẹ̀ hàn wọ́n, ọkọ̀ á tún gbéra. Ó ń sọ fáwọn àgbẹ̀ pé Congress, ìyẹn ilé aṣòfin, ò jẹ́ kí ìjọba rí ibi tó máa bá wọn kó ọkà pamọ́ sí, àgbàdo sì pọ̀ lọ́dún yẹn, owó ẹ̀ já wálẹ̀ kí ìdìbò tó dé. Ìpínlẹ̀ Iowa àti Ohio tó dìbò fún Dewey ní 1944, Truman ni wọ́n dìbò fún lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wú mi lórí gan-an.

Àlàdé88:
Háà, ṣé ó wá fi ìbò púpọ̀ ju Dewey lọ ni?

Àbẹ̀kẹ́_ń_kàwé:
Tó bá jẹ́ ti Electoral College, ìyẹn àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń dìbò yan ààrẹ, bẹ́ẹ̀ ni, 303 sí 189, Thurmond tó ya kúrò lára Democrat, ẹgbẹ́ Truman, sì kó 39 lọ. Àmọ́ Ohio, California àti Illinois, àlàfo tó wà láàárín Truman àti Dewey ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún níbì kankan. Ká ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí padà, Dewey ì bá di ààrẹ.

Àjàní_Rélùwéè:
Ti Tribune ńkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ti yanṣẹ́ lódì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní láti tètè tẹ̀ ẹ́ kí èsì tó wọlé. Truman alára wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Excelsior Springs lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jẹ sáńwíìsì, ó mu mílíìkì, ó sì lọ sùn. Ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó jí i pé Illinois ti bọ́ sí i lọ́wọ́.