Dubai, Amsterdam, Chicago, Denver: níbo ni mo ti máa gba àpótí mi?

Arìnrìn-àjò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Dubai lọ sí Denver, mo máa gba Amsterdam àti Chicago kọjá, àpótí méjì ni mo sì fẹ́ kó sábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ó di Denver kí n tó tún fojú kan ẹrù mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 ni mo ní ní Chicago.

Ayọ̀kúnlé: Ti Amsterdam ò le. Ẹrù á kọjá fúnra rẹ̀, ẹ̀yin náà ò sì ní í bá ìmígíréṣọ̀n pàdé tí ẹ ò bá jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá páásípọ́ọ̀tù yín wà lára àwọn tó ń gba físà kí wọ́n tó lè kọjá níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n yín ló jàre. Tí ẹ bá gba Amsterdam wọ Amẹ́ríkà, ibi tí ẹ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Chicago, ni ẹ ti máa rí ìmígíréṣọ̀n, ibẹ̀ náà lẹ ó ti gba àpótí, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ojú mi rí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, mo rí DEN, ìyẹn àmì Denver, lára táàgì tí wọ́n so mọ́ àpótí mi, ni mo bá ń ju apá lọ sẹ́nu ọ̀nà kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọ̀gbẹ́ni kan bi mí pé ẹrù mi dà. Mo ní ó ti ń lọ sí Denver. Ó rẹ́rìn-ín títí! Àpótí mi nìkan ló kù tó ń yí po níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù.

Tí ẹ bá ti kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù padà lọ́wọ́ èèyàn láti kó o sínú ọkọ̀ tó kàn. Ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́, kò sí pé à ń tún un wọ̀n. Àmọ́ ẹ dúró ná! Tí ẹ bá ra lọ́fínńdà tàbí ọtí lọ́nà, inú àpótí ni kí ẹ kó o sí kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, torí wọ́n ṣì máa yẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í sábà kọjá. Lọ́fínńdà mi, tí n ò tíì ṣí, ibẹ̀ ló sùn.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo rẹ̀, àbí?

Arìnrìn-àjò: Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó báyìí ni. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ti Chicago sí Denver yàtọ̀ pátápátá.

Ìyá Ìbejì: Háà! Tíkẹ́ẹ̀tì méjì nìyẹn. Chicago ni táàgì yín máa parí sí. Ẹ máa gbé ẹrù lọ síwájú káńtà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ni, ẹ sì lè sanwó ẹrù lọ́tọ̀. Tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́, tí èkejì fi yín sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jẹ yín ní àyè mìíràn. Wákàtí 2 ò tó o. Ẹ sún ti Denver sí ìrọ̀lẹ́.

Arìnrìn-àjò: Mò ń pe ẹni tó bá mi rà á láti àárọ̀. Kò gbé e.