Àbọ̀ rèé: mo ti mú ọ̀kan nínú àdúgbò méjèèjì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo béèrè lọ́wọ́ yín pé èwo ni kí n ra ilé sí: àárín ìlú tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ mi àmọ́ tí ilé ibẹ̀ há, àbí òdìkejì odò, níbi tí yàrá ti fẹ̀ tí owó sì dínkù.

Ìmọ̀ràn tó yanjú ẹ̀ ni ti ẹni tó ní kí n lọ wo òdìkejì odò lẹ́yìn òjò ńlá. Mo lọ. Kí n má purọ́, òdìkejì odò lọkàn mi ti wà. Àfi bí mo ṣe rí ilà omi lára ògiri, ó ga dé orúnkún mi. Wọ́n ti kun ọ̀dà lé e, ó ṣì ń yọjú. Ẹni tó ń bá wọn ta ilé náà ò mẹ́nu bà á rí. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló ní ọdọọdún ni omi ń wọlé.

Ìmọ̀ràn pé kí n ro owó ọkọ̀ mọ́ owó ilé náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó fi hàn pé ẹ̀dínwó yẹn ò tó bí mo ṣe rò, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló jẹ́ kí n yí ọkàn padà.

Àárín ìlú ni mo rà sí. Ariwo alẹ́ ṣì wà, yàrá ẹ̀yìn ni mò ń sùn. Ibi tí n ó máa gbé mọ́tò sí ni mi ò tíì rí ojútùú sí.

Ẹ ṣeun gan-an.