Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni kí n ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tí mo wo lẹ́tà lára pátákó wọn?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ dìsáìn ni mò ń ṣe. Mi ò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan, inú yàrá mi ní Bàríga ni mo ti ń ṣe é, ó ti pé ọdún 6 báyìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Màmá kan tó ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Muṣin ló ní kí n ya àtẹ ABD tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Èyí tí wọ́n ń rà lọ́jà kò tẹ́ wọn lọ́rùn: kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kankan, E àti Ẹ rí bákan náà, ápù ni wọ́n sì yà sí abẹ́ A, bí ẹni pé kò sí ajá ní Èkó. Ọ̀sẹ̀ 5 ni mo fi ṣe é. Lẹ́tà 25, àwòrán 25, ọwọ́ ni mo fi ya gbogbo wọn kí n tó gbé wọn wọ inú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́tà U ló fún mi níṣẹ́ jù. Nínú Yorùbá tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ tí u bẹ̀rẹ̀. Àtẹ mìíràn á kọ "ìlú", á wá fi àwọ̀ pupa kun u tó wà lẹ́yìn. Mo ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ ni mo jókòó sínú òkùnkùn tí mo rántí ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ará Iléṣà. Wọn kì í pe ilé ní ilé, ulé ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ya ilé wọn lóru yẹn: páànù tó ti dípẹtà, àpótí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò aró lẹ́yìn ilé. Omi lé ròrò sí mi lójú. Lábẹ́ U, mo kọ "ulé".

Aró yẹn náà ni mo fi ṣe àwọ̀ àtẹ náà. Ti ìyá àgbà ni, ó sì tún jẹ́ aró tí mo rí nínú àwòrán Yusuf Grillo nígbà tí mo wà ní Yaba Tech. Wọ́n ti di olóògbé láti 2021, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n ti ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olùkọ́ wa kì í sì í sinmi dídárúkọ wọn. Etí àtẹ náà, àrà Ìbàdàndùn tó wà lára ìró àdìrẹ ìyá àgbà ni mo fi yí i ká.

Ìrísí àwọn lẹ́tà gan-an ló wá di ọ̀rọ̀. Fọ́ǹtì tí mo kọ́kọ́ lò já mi kulẹ̀. É ní nọ́mbà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ Ẹ́ kò ní. Ẹ̀rọ ní láti gbé àmì ohùn ka orí Ẹ fúnra rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ni kò sì mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí. Àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dà bí eṣinṣin tó ń fò kọjá. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo jáde lọ sí Ṣómólú tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ mi.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń kọ pátákó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ìwé tí wọ́n kọ ṣì wà lára ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, lára ilẹ̀kùn alágbàfọ̀, lára ògiri. Lẹ́tà wọn sanra níkùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín, òjìji sì wà lápá òsì. Àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ wọn kì í ṣe róbótó, ó gùn díẹ̀ bíi hóró ìrẹsì. Bí wọ́n bá kọ orúkọ àdúgbò, Ṣómólú ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe Shomolu. Mo ya fọ́tò pátákó wọn 14, mo lọ ilé, mo tún àwọn lẹ́tà náà yà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ fún wọn. Ohun tí mo ń sọ kò ju "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," mo sì ń kọjá lọ. Láti ìgbà tí báńà flex ti gbòde ni iṣẹ́ wọn ti dín kù, ojú wọn náà kò sì ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀dà 200 tí a kọ́kọ́ tẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ 2. ₦180,000 ni mo gbà. Àwọn òbí ń pè mí, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Màmá ilé-ìwé ti fẹ́ tẹ 500 sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yin lẹ́tà wọ̀nyẹn, ojú bàbá yẹn ni mo ń rí.

Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣé owó ni kí n mú lọ? Èló? Ṣé kí n kọ orúkọ wọn sórí àtẹ? Màmá ní orúkọ ilé-ìwé nìkan ni àwọn fẹ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí bàbá má rò pé mo ti fi iṣẹ́ wọn jẹun tán kí n tó wá kí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe rí.

Ìyá Aládìrẹ, Èbúté-Mẹ́ta
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú ọpọlọ. Kí n sọ tinú mi. Àrà Ìbàdàndùn tí o fi yí etí àtẹ ká, òpó tó wà nínú rẹ̀, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Ṣíbí ló wà láàárín àwọn òpó náà. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ fi ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún tó yà á sórí aṣọ. Ta ni? Mo ti ń ta àdìrẹ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge, mi ò rí ẹni tó lè sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ìwọ mọ orúkọ bàbá tìrẹ, o mọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Dìde lọ síbẹ̀. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ, má fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì o. Àárọ̀ ni kí o lọ, kí o mú àtẹ náà dání, kí o kúnlẹ̀ kí o tó la ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n Onídanfó
Ẹ̀yin náà ń da ara yín láàmú. Lẹ́tà kò ní olówó. Bàbá yẹn náà, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ fún wọn ní ₦20,000, ẹ ra búrẹ́dì kún un, ó parí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Nígbà tí Lemi Ghariokwu bẹ̀rẹ̀ sí í ya àpò rẹ́kọ́ọ̀dù fún Fẹlá ní 1974, wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Èyí tí wọ́n yà fún Fẹlá lé ní 20. Lónìí, ẹni tó bá rí ọ̀kan á dárúkọ ẹni tó yà á. Àwọn tó kọ ara danfó àti mólúè yín ńkọ́? Ojoojúmọ́ la ń ka ọ̀rọ̀ wọn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá, ẹnì kan ṣoṣo kò mọ̀ wọ́n. Arábìnrin, ẹ kọ orúkọ wọn.

Lọ́yà, Súúrùlérè
Ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ wa ti 2022 sọ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀tọ́ náà wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó tún ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dá òun mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é. Nítorí náà, kí ẹ tó jẹ́ kí màmá ilé-ìwé sọ pé orúkọ ilé-ìwé nìkan ló máa wà níbẹ̀, ẹ béèrè ibi tí ẹ ti bọwọ́ lùwé pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Mo fura pé kò síbì kankan.

Èkejì lè dùn yín díẹ̀. Ẹ̀ ń béèrè bí ẹ ó ṣe dúpẹ́. Ní ojú tèmi, ìyọ̀ǹda lẹ kọ́kọ́ jẹ bàbá. Pátákó 14 kì í ṣe wíwò lásán. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn kí ẹ̀dà 500 tó wọ ẹ̀rọ, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ojú ìwé kan.

Atẹ̀wé Ṣómólú
Ti orúkọ kò le rárá. Pléètì 4 ni a fi ń tẹ irú iṣẹ́ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ ìǹkì kan. Bí orúkọ bá jẹ́ dúdú, pléètì dúdú nìkan ni a ó tún ṣe. Ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan, lẹ́tà kékeré. Bí ẹ bá ṣàlàyé fún màmá pé iye owó rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n á gbà.

Èmi ni mo tẹ iṣẹ́ yẹn, mo rò pé inú ìwé àtijọ́ kan lẹ ti wo lẹ́tà rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ gidi.

Olùkọ́ Àgbà, Yábàá
Mo fi ọdún 31 kọ́ ọmọdé ní Yorùbá. Bí wọ́n bá kọ "oko" láìfi àmì sí i, mo ní láti béèrè: oko ni, ọkọ ni àbí ọkọ̀? Ẹni tó bá fojú di àmì abẹ́ lẹ́tà kò tíì jókòó ti ọmọ ọdún 5. Oṣù kìíní 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ṣe ìpàdé lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, níbí ní Èkó gan-an, síbẹ̀ pátákó ojú ọ̀nà wa ṣì ń kọ Shomolu. Bàbá yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, a ò kàn san owó oṣù fún wọn ni.

Mo fẹ́ràn "ulé". Àmọ́ ẹ fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ló ń sọ ọ́, kí olùkọ́ tí kì í ṣe ará ibẹ̀ má baà fagi lé e.

Ọmọ-iṣẹ́ Tẹ́lẹ̀, Òṣòdì
Mo kọ́ṣẹ́ pátákó fún ọdún 4. Arábìnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ṣáájú yín wọlé. Bí àgbà oníṣẹ́ tójú rẹ̀ ti ń ṣú bá rí owó lọ́wọ́ àlejò, á rò pé iṣẹ́ lẹ gbé wá, á wá di dandan kó sọ fún yín pé òun kò lè ṣe é mọ́. Ọ̀gá mi sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi rí. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ẹ gbé àtẹ lé wọn lọ́wọ́, ẹ dákẹ́, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Oní-ìbéèrè
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Lọ́yà, ó dùn mí lóòótọ́, àmọ́ òtítọ́ ni. Mo máa lọ ní Sátidé.

Oní-ìbéèrè
Mo ti dé láti Ṣómólú. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí: mo kúnlẹ̀, mo gbé àtẹ lé wọn lọ́wọ́, mo dákẹ́.

Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọn kò rí i dáadáa. Wọ́n dìde, wọ́n gbé e bọ́ sínú oòrùn, wọ́n wá ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà láti orí A. Nígbà tí wọ́n dé Ṣ, wọ́n dúró. "Ta ló kọ eléyìí?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́, mo sì bẹ̀ wọ́n. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n ń tọ lẹ́tà lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní kí n dìde.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé mo ba GB jẹ́. Wọ́n ní mo jẹ́ kí G jìnnà sí B bí ẹni tí kò mọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ ọ́ sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù: ìrù G wọ abẹ́ ikùn B. Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá. Mo ya fọ́tò rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo tọrọ àyè kí n tó yà á.

A kọ àdéhùn: ₦40,000 nínú owó ẹ̀dà 500, wọ́n sì bọwọ́ lù ú. Nípa ti orúkọ, wọ́n ní tí mo bá máa kọ tàwọn, kí n kọ́kọ́ kọ ti ọ̀gá àwọn tó kọ́ àwọn níṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà. Màmá ilé-ìwé ti gbà fún ìlà kan. Atẹ̀wé Ṣómólú, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ti di mẹ́ta. Ṣé ìlà kan á gbà á?

Atẹ̀wé Ṣómólú
Á gbà á dáadáa. Ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́rú. Ẹ rí i dájú pé GB tuntun ló wà níbẹ̀.